Omi Ló Ń Pàṣẹ: Ìtọ́sọ́nà fún Gígun Kẹ̀kẹ́ Orí Òkè ní Ọ̀nà Aṣálẹ̀ Tó Jìnnà sí Ènìyàn

Ìtọ́sọ́nà yìí kì í ṣe ti ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ kẹ̀kẹ́. Mo gbà pé ẹni tó ń kà á ti mọ bí a ṣe ń dìde dúró lórí pẹ́dàlì nígbà tí ọ̀nà bá rí págunpàgun, pé ó lè gbé táyà iwájú gun àpáta tó ga dé orúnkún, àti pé wákàtí márùn-ún tàbí mẹ́fà lórí kẹ̀kẹ́ kò ṣàjèjì sí i. Ohun tí aṣálẹ̀ fi kún un ni pé àṣìṣe kékeré kì í pẹ́ di ńlá níbẹ̀. Bí ṣéènì bá já nínú igbó ìtòsí ilé, ìdààmú wákàtí kan ni. Bí ó bá já ní kìlómítà 40 sí ibi tí ènìyàn ń gbé, tí oòrùn sì ti kan àtàrí, ọ̀rọ̀ ti kúrò ní ti ṣéènì, ó ti di ọ̀rọ̀ omi. Ìdí nìyẹn tí mo fi fi omi ṣáájú, nítorí inú ìṣirò omi ni gbogbo ìpinnu yòókù ti ń jáde: bí ẹ ó ṣe rìn jìnnà tó, bí ẹrù yóò ṣe wúwo tó, afẹ́fẹ́ tí táyà gbọ́dọ̀ ní, àti wákàtí tí ẹ gbọ́dọ̀ yí padà bí ẹ kò tilẹ̀ tíì dé ibi tí ẹ ń lọ.

Ìgbésẹ̀ kìíní: ẹ mọ iye omi tí ara yín ń lò

Ní nǹkan bí ọ̀sẹ̀ méjì ṣáájú ìrìn àjò, ẹ yan ọjọ́ tí ooru mú, kí ẹ sì gun kẹ̀kẹ́ fún odindi wákàtí kan pẹ̀lú irú agbára tí ẹ ó fi gun òkè. Ẹ gun orí òṣùwọ̀n láìwọ aṣọ kí ẹ tó jáde. Bí ẹ bá dé, ẹ nu òógùn ara yín dáadáa, kí ẹ tún gun orí òṣùwọ̀n náà. Kílò kan tó bá dín jẹ́ nǹkan bíi lítà òógùn kan, ẹ ó sì fi omi tí ẹ mu lójú ọ̀nà kún un. Ẹni tó wọn kílò 78.4 nígbà tó ń jáde, tó wọn 77.6 nígbà tó dé, tó sì ti mu ìdajì lítà láàárín, lítà 1.3 ni ara rẹ̀ ń tú jáde ní wákàtí kan. Láàárín ìdajì lítà àti lítà méjì ni ti ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń wà, ìyàtọ̀ yìí sì pọ̀ débi pé kò yẹ kí ẹnikẹ́ni máa wo ìgò ẹlòmíràn kó tó mọ iye tí òun yóò gbé.

Iye wákàtí ni kí ẹ wá fi ṣe ìṣirò, ẹ má fi kìlómítà ṣe é. Ẹni tó ń rin kìlómítà 20 ní wákàtí kan lórí ilẹ̀ tó tẹ́jú lè má lè ju kìlómítà méje tàbí mẹ́jọ lọ níbi tí iyanrìn àti àpáta bá ti ń gbapò lọ́wọ́ ara wọn. Ìrìn wákàtí mẹ́fà fún ẹni inú àpẹẹrẹ wa yóò gba nǹkan bíi lítà mẹ́jọ, èmi a sì tún fi lítà méjì sí i tí n kò ní fọwọ́ kàn àfi bí ọjọ́ náà bá dà rú. Lítà mẹ́wàá, kílò mẹ́wàá. Bí ìwúwo yìí bá ba yín lẹ́rù, ẹ gé ìrìn náà kúrú. Ẹ má dín omi kù.

Ikùn kì í sábà lè gbà ju nǹkan bíi lítà kan lọ ní wákàtí kan, nítorí náà omi tí ẹ kò mu ní òwúrọ̀, ẹ kò lè fi ìkánjú mu ún lọ́sàn-án kí ó sì ṣiṣẹ́. Àmujù omi lásán láìsí iyọ̀ ní ewu tirẹ̀ pẹ̀lú: iyọ̀ inú ẹ̀jẹ̀ a lọ sílẹ̀, orí fífọ́, èébì àti ọ̀rọ̀ sísọ kátikàti tó ń tẹ̀ lé e sì jọ ti ẹni tí òùngbẹ ń pa débi pé àwọn tó fẹ́ ràn án lọ́wọ́ a tún máa rọ omi sí i lẹ́nu. Ó kéré tán, kí iyọ̀ wà nínú ìdajì ohun tí ẹ ń mu, kí ẹ sì máa jẹ ohun oníyọ̀ díẹ̀díẹ̀ pẹ̀lú rẹ̀.

Ẹ má kó gbogbo omi sínú ohun kan ṣoṣo. Nígbà kan tí mo ń gun òkè kan ní aṣálẹ̀, mo rí i pé ìdí ṣòkòtò mi tutù, mo sì rò pé òógùn ni. Mo rìn tó ogún ìṣẹ́jú sí i kí n tó na ọwọ́ sẹ́yìn, tí mo rí i pé ìdérí àpò omi tí mo gbé kọ́ ẹ̀yìn kò wọlé dáadáa, àti pé lítà kan ààbọ̀ ti jò lọ. Ìgò méjì tó wà lára férémù ló gbé mi padà. Láti ìgbà náà, lítà mẹ́ta péré ló ń wà lẹ́yìn mi; ìyókù wà nínú ìgò líle àti nínú àpò tí mo so mọ́ àárín férémù, níbi tí ìwúwo rẹ̀ kò ti ní máa fa kẹ̀kẹ́ sọ́tùn-ún sósì.

Ní ti omi ojú ọ̀nà, ẹ má gbẹ́kẹ̀ lé ìlà búlúù tó wà lórí máàpù, nítorí ní aṣálẹ̀, ipa odò ló sábà máa ń jẹ́, odò fúnra rẹ̀ kò sí níbẹ̀. Ọ̀nà White Rim tó wà nínú ọgbà Canyonlands ní ìpínlẹ̀ Utah, Amẹ́ríkà, gùn tó nǹkan bíi kìlómítà 160, kò sì sí omi mímu kankan lójú ọ̀nà náà. Kokopelli Trail, tí wọ́n ṣí ní ọdún 1989 láti Loma ní ìpínlẹ̀ Colorado dé Moab ní Utah, gùn tó kìlómítà 228, ó sì sún mọ́ odò Colorado ní ibi díẹ̀, ṣùgbọ́n ẹrẹ̀ pọ̀ nínú omi odò náà gan-an. Ẹ ní láti gbé irú omi bẹ́ẹ̀ kalẹ̀ nínú àpò fún wákàtí mélòó kan kí ó tòrò kí ẹ tó sẹ́ ẹ, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, asẹ́ yín á dí lójú ẹsẹ̀. Níbi tí òfin bá ti gbà á, ẹ lè gbé omi pamọ́ ní ọjọ́ kan ṣáájú sí ibi tí ọ̀nà mọ́tò ti pàdé ọ̀nà yín. Ẹ kọ orúkọ àti ọjọ́ sára kẹ́ẹ̀gì náà, ẹ gbé e sábẹ́ ibòòji, kí ẹ sì padà wá kó òfìfo rẹ̀.

Ìgbésẹ̀ kejì: ẹ yan àkókò, kí ẹ sì wo ojú ọ̀run ibi tó jìnnà

Oṣù tí ooru kò tíì le tàbí tí ó ti rọlẹ̀ ni ti ìrìn yìí. Bí ó ti wù kí ẹ mọ kẹ̀kẹ́ gùn tó, ẹ kò lè fi ọgbọ́n borí ọ̀sán gangan ìgbà ooru ní aṣálẹ̀. Ẹ jáde ní kùtùkùtù, nígbà tí ilẹ̀ bá ṣẹ̀ṣẹ̀ ń mọ́, kí ẹ ṣe apá tó le jù ṣáájú aago mọ́kànlá, kí ẹ sì ti mọ ibi tí ibòòji wà láti aago náà títí di mẹ́rin ìrọ̀lẹ́. Ẹ mú ẹ̀wù òtútù fẹ́lẹ́ kan dání, nítorí ilẹ̀ tó ń jó yín lẹ́sẹ̀ lọ́sàn-án lè mú kí eyín yín máa gbá ara wọn lóru.

Òjò ni ó yẹ kí ẹ bẹ̀rù níbẹ̀, bó tilẹ̀ jọ ọ̀rọ̀ ẹ̀rín. Ìkún omi lè ya wọ ipa odò gbígbẹ láti ibi òjò tó rọ̀ ní ọ̀pọ̀ kìlómítà sí yín, tí oòrùn sì ń ràn lórí yín. Nítorí náà, ojú ọjọ́ gbogbo agbègbè òkè tó ń da omi sínú àfonífojì náà ni kí ẹ yẹ̀ wò, ẹ má sì sùn sínú ipa odò láé, bí ó ti wù kí iyanrìn rẹ̀ rọ̀ tó. Bí ẹ bá gbọ́ ìró bíi ti ọkọ̀ ńlá tó ń bọ̀ láti òkè, ẹ fi kẹ̀kẹ́ sílẹ̀ kí ẹ gun ibi gíga. Lẹ́yìn òjò, amọ̀ aṣálẹ̀ a máa lẹ̀ mọ́ táyà bí iyán tó mọ́ ọwọ́: láàárín mítà mélòó kan, àgbá kò ní lè yí mọ́, ẹ ó sì máa gbé kẹ̀kẹ́ kọ́ èjìká pẹ̀lú gbogbo amọ̀ rẹ̀. Ẹ dúró di ọjọ́ kejì tàbí ẹ̀kẹta kí ilẹ̀ gbẹ, kí ẹ má baà tún ba ọ̀nà jẹ́ fún àwọn tó ń bọ̀ lẹ́yìn.

Ìgbésẹ̀ kẹta: ẹ tún kẹ̀kẹ́ ṣe fún ẹrù àti fún eruku

Táyà ni mo fi ń bẹ̀rẹ̀. Táyà túbúlẹ́ẹ̀sì (èyí tí kò ní túùbù nínú) tó fẹ̀ tó íńṣì 2.4 sí 2.6, tí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ nípọn, ló dára jù, nítorí àpáta aṣálẹ̀ ń gé ẹ̀gbẹ́ táyà ju bí ó ti ń gún àárín rẹ̀ lọ. Omi oje tí ń dí ihò nínú táyà máa ń tètè gbẹ níbi tí afẹ́fẹ́ bá gbẹ, ẹ ṣí i wò kí ẹ tó lọ, kí ẹ sì rí i pé mílílítà 100 tàbí jù bẹ́ẹ̀ wà nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ẹ̀gún dágunró, tí ojú rẹ̀ mú bí abẹ́rẹ́, pọ̀ ní ẹ̀bá ọ̀pọ̀ ọ̀nà gbígbẹ kárí ayé. Bí ẹ bá rí i lára táyà túbúlẹ́ẹ̀sì, ẹ fà á yọ, kí ẹ yí ihò náà sísàlẹ̀ kíákíá kí oje lè ṣàn débẹ̀.

Ní ti afẹ́fẹ́, ẹni tó wọn nǹkan bíi kílò 75 lè bẹ̀rẹ̀ láti 20 psi (òṣùwọ̀n agbára afẹ́fẹ́ inú táyà) níwájú àti 23 lẹ́yìn, kí ó sì fi ẹyọ kan tàbí méjì kún ti ẹ̀yìn nítorí ẹrù omi. Ohun kan wà tí ọ̀pọ̀ ènìyàn kì í rántí: táyà tí ẹ fún ní 22 psi ní òwúrọ̀ tó tutù dé 10°C yóò sún mọ́ 26 bí afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ bá gbóná dé 40°C. Ìyẹn ni pé kẹ̀kẹ́ tó di ilẹ̀ mú dáadáa ní aago méje lè máa ta bí bọ́ọ̀lù ní aago kan, kí ẹni tó ń gùn ún sì rò pé apá òun ló rẹ̀. Géèjì kékeré kan nínú àpò á yanjú rẹ̀.

Ẹ wọn bí ṣọ́kì ṣe ń rì nígbà tí gbogbo omi bá wà lórí kẹ̀kẹ́ àti lẹ́yìn yín, kì í ṣe nígbà tí ọwọ́ yín ṣófo. Ìdá 25 sí 30 nínú ọgọ́rùn-ún ìrìn rẹ̀ ni mo máa ń lò. Bí omi bá ti ń tán, ẹ̀yìn kẹ̀kẹ́ yóò máa fúyẹ́, yóò sì máa le sí i, nítorí náà mo máa ń jò díẹ̀ nínú afẹ́fẹ́ ṣọ́kì dànù ní ìdajì ọ̀nà. Fún bíréèkì, pádì tí a fi lẹ́búlẹ́bú irin ṣe ń fara da ooru ìsọ̀kalẹ̀ gígùn ju èyí tó rọ̀ lọ. Fún ṣéènì, ẹ lo ìda tàbí òróró gbígbẹ, nítorí òróró tútù a máa pe eruku mọ́ra títí yóò fi di yanrìn ìpọ́nbẹ tó ń jẹ irin.

Ohun èlò tí n kò jẹ́ fi sílẹ̀ nìyí: pọ́ǹpù ọwọ́ (gáàsì inú agolo a máa tán, ọwọ́ kì í tán), okùn rọ́bà fún dídí ihò, túùbù kan tí a fi aṣọ wé kí nǹkan má baà họ ọ́ nínú àpò, abẹ́rẹ́ ńlá àti òwú líle fún rírán ẹ̀gbẹ́ táyà, irinṣẹ́ títú ṣéènì pẹ̀lú ìdè rẹ̀ méjì, pádì bíréèkì, téèpù, àti irin pẹlẹbẹ kékeré tó so ẹ̀rọ jíà ẹ̀yìn mọ́ férémù. Èyí tó kẹ́yìn yìí ni àpáta kọ́kọ́ máa ń tẹ̀, oríṣi kẹ̀kẹ́ kọ̀ọ̀kan ló sì ní tirẹ̀, ẹ kò lè yá ti ọ̀rẹ́ yín.

Ìgbésẹ̀ kẹrin: ẹ jẹ́ kí ẹnìkan mọ ibi tí ẹ wà

Ẹ gba máàpù sórí fóònù kí ẹ tó kúrò níbi tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì wà, ẹ pa nẹ́tíwọ́ọ̀kì rẹ̀ kí bátìrì má baà tán lásán, kí ẹ sì ní máàpù orí ìwé pẹ̀lú. Ẹ gbé ẹ̀rọ sátẹ́láìtì tó lè ránṣẹ́ ìrànlọ́wọ́. Ẹ kọ ọ̀nà tí ẹ ń gbà, àwọ̀ kẹ̀kẹ́ àti aṣọ yín, àti aago tí ó yẹ kí a pe àwọn adóòlà bí ẹ kò bá tíì fọhùn, kí ẹ fi ìwé náà lé ẹni tí kì í gbàgbé nǹkan lọ́wọ́. Ọ̀pọ̀ ọ̀nà báyìí ń béèrè ìwé àṣẹ. White Rim ń béèrè rẹ̀ bí ẹ kò tilẹ̀ ní sùn níbẹ̀.

Ìgbésẹ̀ karùn-ún: gígùn fúnra rẹ̀

Iyanrìn kì í fẹ́ ẹni tó ń bá a jà. Ẹ ti sọ jíà kalẹ̀ kí ẹ tó wọ inú rẹ̀, nítorí tí ẹ bá ti wà nínú rẹ̀, pẹ́dàlì tó bá sinmi fún ìṣẹ́jú àáyá kan ti dúró nìyẹn. Ẹ fi ìdí sẹ́yìn díẹ̀ kí iwájú lè fúyẹ́, ẹ jẹ́ kí ọwọ́ rọ̀ lórí ọwọ́ kẹ̀kẹ́, kí ẹ máa wa pẹ́dàlì ní ìwọ̀n kan náà, kí ojú yín sì wà ní mítà mẹ́wàá níwájú. Táyà iwájú yóò máa lọ sọ́tùn-ún sósì bí ẹran tí a fi okùn fà. Ẹ jẹ́ kó máa lọ. Bí ẹ bá fẹ́ yà, ìbàdí ni kí ẹ fi tẹ kẹ̀kẹ́, nítorí ẹni tó bá fi ọwọ́ yí i ni táyà yóò wà ilẹ̀ mọ́ lábẹ́. Ẹ máa wá iyanrìn tí àwọ̀ rẹ̀ dúdú ju ti ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ: ọ̀rinrin wà nínú rẹ̀, ó sì le. Ẹ má tìtorí iyanrìn yà sórí ilẹ̀ dúdú tó rí gbágungbàgun lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà, bó ti wù kí ó dà bí ẹni pé ó le tó. Àwọn ohun abẹ̀mí tín-ín-tín ló hun ilẹ̀ yẹn pọ̀ bí awọ tó ń di aṣálẹ̀ mú kí afẹ́fẹ́ má gbé e lọ, ipa táyà kan ṣoṣo lè gba ọ̀pọ̀ ọdún kó tó san.

Àpáta yanrìn tó tẹ́ bọ̀rọ́ yàtọ̀ pátápátá. Ní Moab, níbi tí àwọn tó ń gun alùpùpù ti kọ́kọ́ sàmì sí ọ̀nà Slickrock ní ọdún 1969, orúkọ tí wọ́n ń pe àpáta náà túmọ̀ sí àpáta yíyọ̀, nítorí pé bàtà irin ẹṣin ń yọ̀ lórí rẹ̀. Ṣùgbọ́n rọ́bà gbígbẹ a máa dì í mú débi pé ẹni tó bá kọ́kọ́ dé ibẹ̀ kì í gba ojú ara rẹ̀ gbọ́. Ewu ibẹ̀ ni iyanrìn fẹ́lẹ́ tí afẹ́fẹ́ dà sórí rẹ̀, tó ń ṣe bí ọmọ bẹ́ríǹ lábẹ́ táyà. Bí ẹ bá ń gùn ún, ẹ tẹ àyà bọlẹ̀, ẹ sún sí orí imú ìjókòó, kí ẹ má ja pẹ́dàlì. Bí ẹ bá ń sọ̀kalẹ̀, ẹ rẹ ìjókòó sílẹ̀, ẹ fi ìka kan ṣoṣo sórí bíréèkì kọ̀ọ̀kan, ẹ jẹ́ kí gìgísẹ̀ wà nísàlẹ̀, kí ẹ má sì fà sẹ́yìn jù. Ibi tí àwọn tó mọ̀ ọ́n gùn pàápàá ti ń ṣubú lulẹ̀ ni ìsàlẹ̀ pátápátá, níbi tí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ ti pàdé ilẹ̀ títẹ́jú: ṣọ́kì iwájú á rì, ẹni tó bá sì ṣì ń tẹ bíréèkì iwájú á gba orí ọwọ́ kẹ̀kẹ́ fò. Ẹ tẹ̀ ẹ́ lókè, ẹ tú u sílẹ̀ kí ẹ tó kan ìsàlẹ̀.

Fún àtẹ̀gùn àpáta, ẹ gbé táyà iwájú lé e, kí ẹ sún ara síwájú ní kété tó bá ti dúró, kí ẹ̀yìn lè tẹ̀ lé e. Níbi tí pẹ́dàlì bá ti lè gbá òkúta, ìdajì ìyípo ni kí ẹ máa wà á, síwájú, sẹ́yìn, síwájú. Bí ẹ kò bá sì rí ìsàlẹ̀ àtẹ̀gùn kan láti òkè, ẹ sọ̀kalẹ̀ kí ẹ lọ wò ó. Kí ojú má ríbi, ẹsẹ̀ loògùn rẹ̀. Òṣùwọ̀n tèmi ni pé bí kíkùnà ibì kan bá lè dá egungun, tí ìrànlọ́wọ́ sì ju wákàtí mélòó kan lọ, mo ń fẹsẹ̀ rìn ín, bí mo bá tilẹ̀ ti gùn ún nígbà mẹ́wàá rí.

Ní etí ọ̀gbun, ibi tí ẹ fẹ́ lọ ni kí ẹ wò, nítorí kẹ̀kẹ́ ń tẹ̀ lé ojú. Bí ẹ ó bá sọ̀kalẹ̀, ìhà òkè ni kí ẹ fi ẹsẹ̀ tẹ̀.

Ìgbésẹ̀ kẹfà: aago ìyípadà

Kí ẹ tó gbéra, ẹ fẹnu kò sí ìwọ̀n omi tí ẹ ó fi yí padà. Bí lítà mẹ́wàá bá wà, tí méjì jẹ́ ti ìpamọ́, nígbà tí lítà mẹ́ta ààbọ̀ bá ti lọ ni mo máa ń yí padà lórí ọ̀nà àlọ-àbọ̀, nítorí ọ̀sán ni a ó fi padà, ọ̀sán sì ń mu ju òwúrọ̀ lọ. Lórí ọ̀nà tí a kò ní padà gbà, ẹ sàmì sí ibi ìkẹyìn tí ẹ ti lè yà sí ọ̀nà mọ́tò, kí ẹ sì wọn omi níbẹ̀. Ẹni tó bá kọ́kọ́ ní kí a padà nínú ẹgbẹ́, ọ̀rọ̀ rẹ̀ ni kí ó ṣẹ, láìsí àríyànjiyàn.

Ìgbésẹ̀ keje: bí ọjọ́ bá dà rú

Ẹni tí ooru ti ń mú máa ń lọ́ra, orí a fọ́ ọ, inú a máa rú u. Ibòòji, omi oníyọ̀ àti ìsinmi á sọ ọ́ di ènìyàn padà. Ṣùgbọ́n bí ó bá bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀ kátikàti, tàbí tó ń ta gọ̀ọ́gọ̀ọ́ bí ọ̀mùtí, ẹ gbà pé ooru inú ara rẹ̀ ti kọjá 40°C, bó ṣì ń làágùn bí kò làágùn. Ẹ tẹ ìpè ìrànlọ́wọ́ lójú ẹsẹ̀. Ẹ gbé e sí ibòòji, kí ẹ fi àpò tẹ́ ilẹ̀ fún un nítorí ilẹ̀ gbóná ju afẹ́fẹ́ lọ, ẹ bọ́ aṣọ rẹ̀, ẹ da omi sí i lára, kí ẹ sì máa fẹ́ ẹ láìdáwọ́ dúró. Níbí ni lítà méjì ìpamọ́ ti ń wúlò. Ẹ má fi omi sí ẹnu ẹni tí kò lè gbé e mì.

Bí ejò bá bu ẹnìkan jẹ, ẹ má gé ojú rẹ̀, ẹ má fà á mu, ẹ má fi okùn dì í. Ẹ bọ́ òrùka àti bàtà ibẹ̀ kí ó tó wú, kí ẹni náà má mira púpọ̀, kí ẹ sì pe ìrànlọ́wọ́. Bí kẹ̀kẹ́ bá bàjẹ́ kọjá àtúnṣe lọ́sàn-án, ẹ dúró sí ibòòji títí oòrùn yóò fi rẹlẹ̀ kí ẹ tó fẹsẹ̀ rìn, ẹ má sì fi ojú ọ̀nà sílẹ̀ láti gé e kúrú.

Bí ẹ bá sì dé láyọ̀, kí ẹ tó bọ́ akoto orí yín, ẹ pe ẹni tí ìwé ìrìn àjò yín wà lọ́wọ́ rẹ̀.